Ẹ̀rí Tí A Jẹ́ Nípa Mọ́tò Tó Ń Gbóná, A Fẹ́ Tún Un Sọ

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, kó fi pamọ́ dìgbà tó bá délé, kò ní sá lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìsìn ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kejì máa rántí ẹ̀rí tí a jẹ́ lọ́jọ́ náà. A gun orí pẹpẹ pẹ̀lú báńdéèjì lọ́wọ́ ọ̀tún, a ní ọ̀tá fẹ́ fi omi gbígbóná bó wa lójú ọ̀nà Èkìtì, Ọlọ́run ò gbà fún un. Ìjọ pariwo "Halleluyah!" Àwọn akọrin gbé orin, onílù lù ú. Ibi tí orin dùn dé yẹn la wá ti fi kún un pé ẹnì kan wà tó ń jẹun nídìí mọ́tò ìránṣẹ́ Ọlọ́run, tó ń yọ ojúlówó páàtì tà, tó ń fi ayédèrú rọ́pò, pé ọwọ́ Olúwa máa tẹ̀ ẹ́. A ò dárúkọ o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tún mọ́tò wa ṣe nínú ìjọ kò ju ẹyọ kan lọ. Bí a ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ la ń rí orí àwọn èèyàn tó ń yí sí apá ibi tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń jókòó sí.

Ọwọ́ wa jó lóòótọ́, àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ bí a ṣe ń kọ èyí. Ìyókù ẹ̀rí yẹn la fẹ́ tún sọ.

Toyota Camry ọdún 1999 ni mọ́tò náà, ẹlẹ́ńjìnnì 2.2. Tókúnbọ̀ la rà á lọ́dún 2011. Àwọn àgbà ìjọ mọ iṣẹ́ tí mọ́tò yẹn ti ṣe. Ó ti gbé aboyún lóru, ó ti gbé ìyàwó tuntun, ó ti gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí ìsọjí tí bùútù ò sì lè pa dé. Ọwọ́ géèjì ìgbóná rẹ̀ máa ń dúró ní àárín gbùngbùn ni. Ó pẹ́ tí a ti wò ó gbẹ̀yìn, torí kì í mì.

Nǹkan bí ọdún márùn-ún sẹ́yìn, alàgbà kan tó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù rí bi wá pé kí la ń fi tamọ́sítáàtì ṣe. Ó ní àwọn òyìnbó tí òtútù ń mú ló nílò ẹ̀, pé nílẹ̀ wa tí oòrùn ń pa wá yìí, ńṣe ló kàn ń dí omi lọ́nà. Ẹ̀yin náà á ti gbọ́ ọ rí, àwọn awakọ̀ máa ń sọ ọ́. Ó sì bọ́gbọ́n mu létí. A bá pe arákùnrin tó ń tún mọ́tò wa ṣe, ọmọ tó dàgbà sínú ìjọ yìí lójú wa, a ní kó yọ ọ́ dànù. Ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀, ó níṣẹ́ tó ń ṣe." A ní, "Ṣé ìwọ lo ni mọ́tò ni àbí àwa?" Ó dákẹ́, ó yọ ọ́. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ géèjì wálẹ̀ kúrò ní àárín, a sì dúpẹ́, a ní mọ́tò ti tutù sí i. Lẹ́yìn ìyẹn a gbàgbé ọ̀rọ̀ náà pátápátá.

Ọdún tó kọjá ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. A ò fẹ́ fi ìnáwó yẹn dá yín lágara, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Lákọ̀ọ́kọ́, a ní fáànù ni. A ní kó so fáànù ní dáírẹ́ẹ̀tì, kó máa yí látìgbà tí a bá ti ṣí kọ́kọ́rọ́. Ó so ó. Mọ́tò ṣì ń gbóná. A ní rédíétọ̀ ni. A ra tókúnbọ̀ rédíétọ̀ ní Géètì. Ó ṣì ń gbóná. A ní wọ́tà pọ́ọ̀mpù ni. Nínú ẹ́ńjìnnì yìí, bẹ́líìtì táímìnì ló ń yí wọ́tà pọ́ọ̀mpù, inú lọ́hùn-ún ló sì fara pamọ́ sí; kí ọwọ́ tó débẹ̀, nǹkan tí wọ́n á tú sílẹ̀ kò kéré, owó iṣẹ́ ju owó páàtì lọ. Ó ṣì ń gbóná. Nínú oṣù Kejìlá, a ní kó kúkú ṣí tọ́ọ̀pù. Wọ́n gbé orí ẹ́ńjìnnì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fá irin kó lè tẹ́jú, wọ́n pààrọ̀ tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì. Tí a bá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó lé ní ₦380,000.

Ẹ kíyè sí i: a ní, a ní, a ní. Àwa la ń ṣe dókítà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni arákùnrin yẹn bẹ̀ wá pé, "Dádì, ẹ fún mi ní mọ́tò yìí fún ọjọ́ méjì péré, kí n wà á jáde, kí n mọ ibi tó ti ń gbóná." A ní kò sí àyè, ìṣọ́ òru wà lọ́jọ́ Ẹtì, ìpàdé àwọn pásítọ̀ wà lọ́jọ́ Sátidé. Inú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ nìkan ló ti ń rí mọ́tò náà, níbi tó dúró sójú kan. Tó bá sì dúró sójú kan, kì í gbóná.

A gbàdúrà sí i náà. A da òróró sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. A ò kábàámọ̀ àdúrà o, ẹ má ṣì wá gbọ́. Àmọ́ nígbà tí mọ́tò ò tutù, ọkàn wa yára lọ sórí pé ẹnì kan ló wà nídìí ẹ̀. Ó yára débẹ̀ ju bó ṣe yára dé ìdí họ́ọ̀sì lọ.

Ọjọ́ tí ọwọ́ wa jó, Adó-Èkìtì là ń lọ. Ìyá Mọ́mì wà ní ilé ìwòsàn níbẹ̀, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn lọ́jọ́ náà, Ìyá sì ti ní àwọn fẹ́ rí ọmọ àwọn kí wọ́n tó gbé àwọn wọlé. A kúrò ní Ìbàdàn ní ago mẹ́fà àárọ̀. Ìwó Road rí bó ṣe máa ń rí, súnkẹrẹ fàkẹrẹ. A lò tó ogójì ìṣẹ́jú níbẹ̀, ọwọ́ géèjì ò kúrò lójú kan. Nígbà tí a fi máa dé Ifẹ̀, ó ti gòkè díẹ̀. A dín eré kù, ó sọ̀ kalẹ̀. A kọjá Iléṣà, a tún tẹ̀ ẹ́, torí wọ́n ti ń pè wá láti ilé ìwòsàn. A yà ní Ìta-Awúre, a kọjú sí òkè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé kì í ṣe òkè kékeré. Ibẹ̀ ni èéfín funfun ti bo gíláàsì iwájú.

A páàkì, a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mọ́mì ní, "Ẹ má tíì ṣí i o." Ìyá kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà ń pariwo láti òdìkejì, "Bàbá, ẹ jẹ́ ó tutù ná!" Fóònù ń dún. A fi áńkáṣíìfù bo ìdérí rédíétọ̀, a yí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín tó ń wa mọ́tò ní èyí. Omi inú ìkòkò máa ń hó ní 100 lórí ìwọ̀n Celsius. Omi inú rédíétọ̀ kì í hó níbẹ̀, torí pé ìdérí yẹn ń sé ooru mọ́ ọn lórí ni. Wọ́n kọ 0.9 sórí ìdérí irú mọ́tò wa; tó bá dára, omi lè kọjá 115 kó má tíì hó. Ìgbà tí ẹ bá ṣí i, agbára tó ń tẹ omi mọ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn, omi náà á fẹ́ di ooru lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣí i ló sì máa gbà jáde. Tiwa yẹn tiẹ̀ ti gbó, kò sé e dáadáa mọ́, síbẹ̀ èyí tó sé tó láti bó ọwọ́ wa. Ọlọ́run ló ní kó jẹ́ apá, kó má jẹ́ ojú. Àwọn mìíràn á tún sáré bu omi tútù dà sórí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná bẹ́ẹ̀. Alumíníọ́mù ni orí ẹ́ńjìnnì wa, ó lè sán, ó lè tẹ̀. Ẹ pa á, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wá ibòji jókòó sí, ó kéré tán fún ìdajì wákàtí.

Takisí la wọ̀ dé Adó, ago méjì ti kọjá. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ náà tán. Ìyá yè, wọ́n wà láyé dòní, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ń béèrè ọmọ wọn títí wọ́n fi gbé wọn wọlé. Mọ́mì ò bá wa sọ̀rọ̀ títí a fi padà sí Ìbàdàn. Inú ìrora yẹn àti ìtìjú yẹn la ti lọ gba máíìkì.

Lọ́jọ́ Àìkú yẹn gan-an, lẹ́yìn ìsìn, arákùnrin náà fi kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wa lé ọ̀kan nínú àwọn aṣèránṣẹ́ lọ́wọ́, ó lọ. Kò sọ̀rọ̀. Kò sì wá sí ìjọ mọ́.

Oṣù kan gbáko ni mọ́tò fi dúró sínú ọgbà ìjọ kí a tó fà á lọ sọ́dọ̀ Alájì kan ní apá Òjòó, àgbàlagbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Alájì ò kọ́kọ́ fọwọ́ kan mọ́tò rárá. Ó gbé bẹ́ǹṣì fún wa.

"Pásítọ̀, ìgbà wo ló máa ń gbóná?"

"Ó máa ń gbóná ni, Alájì."

"Mo gbọ́. Ìgbà wo? Tẹ́ ẹ bá wà nínú súnkẹrẹ fàkẹrẹ ni àbí tẹ́ ẹ bá ń sáré?"

A ní láti ronú. Láti ọdún kan, pẹ̀lú gbogbo owó yẹn, a ò bi ara wa ní ìbéèrè yìí, ẹni tó sì fẹ́ mọ̀ ọ́n, a ò fún un láyè. A ní tó bá ń sáré ni, àti tó bá ń gun òkè. Alájì mi orí. Ó ní tó bá jẹ́ nínú súnkẹrẹ ló ń gbóná, tó wá ń tutù lórí eré, atẹ́gùn ni kò kan rédíétọ̀, fáànù lèèyàn máa kọ́kọ́ wò. Àmọ́ tó bá jẹ́ orí eré ló ti ń gbóná, atẹ́gùn pọ̀ níbẹ̀ jàn-ánrẹrẹ, fáànù ò mọwọ́mẹsẹ̀. Omi ni kò rìn tó.

Ó ní ká fi mọ́tò sílẹ̀ sùn, torí àárọ̀ tí gbogbo ẹ̀ bá ti tutù lòun máa ṣí i. Nígbà tí a padà dé, ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ó fi ọ́ìlì náà ra ìka: kò funfun bíi mílíìkì. Ó ṣí rédíétọ̀, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ sítáàtì mọ́tò, ó tẹjú mọ́ omi fún ìgbà pípẹ́: kò sí pé ó ń ru sókè ní hóóhóó. Ó lọ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo èéfín sàlẹ́ńsà: kò sí èéfín funfun. Ó wá nàró.

"Ta ló ṣe tọ́ọ̀pù yìí fún yín?"

Ẹ jẹ́ ká jẹ́wọ́. Inú wa dùn díẹ̀. A rò pé ó fẹ́ sọ pé wọ́n ti bà á jẹ́, kí ẹ̀rí wa lè dúró. A ní ọmọkùnrin kan ni.

Ó ní, "Ó mọ iṣẹ́. Pẹ̀lú bẹ́ ẹ ṣe ní ó hó lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, gásíkẹ́ẹ̀tì tí wọn ò bá dì dáadáa ì bá ti jó. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́."

A ò rí nǹkan kan sọ.

Alájì mú ìdérí rédíétọ̀, ó yí i dojú délẹ̀, ó fi èékánná fa rọ́bà inú ẹ̀: ó ti sán káàkiri. Ó ní ibẹ̀ lomi ń gbà lọ tí a kì í rí ibi tó ń jò. Lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, ó ní kí ọmọ iṣẹ́ bọ́ sídìí tọ́tù, ó wá pè wá síwájú láti wo họ́ọ̀sì ìsàlẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì ṣe rọra ń ṣiṣẹ́, họ́ọ̀sì náà rí rọ́bọ́tọ́. Bí ọmọ yẹn ṣe tẹ tọ́tù, họ́ọ̀sì fún mọ́ra pẹlẹbẹ bí ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí ọmọdé fà mu tán. Wọ́tà pọ́ọ̀mpù tuntun tí a fowó ńlá rà ń fa omi, ọ̀nà tí omi máa gbà ti pa dé. Tọ́tù wálẹ̀, họ́ọ̀sì tún kún bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí mọ́tò dúró ò fi lè rí i láé. Ojúlówó họ́ọ̀sì máa ń le, òmíràn tiẹ̀ ní wáyà tí wọ́n ká sínú ẹ̀ kó má baà fún. Èyí rọ̀ bí etí ewúrẹ́. Àwa fúnra wa la rà á lẹ́bàá títì. Arákùnrin yẹn ní ká ra ojúlówó, a ní họ́ọ̀sì ni họ́ọ̀sì ń jẹ́.

Ó wá tú ilé tamọ́sítáàtì. Ó ti ìka bọ inú ẹ̀, òfìfo. Ó yíjú sí wa.

"Pásítọ̀, ta ló ní kí wọ́n yọ tamọ́sítáàtì?"

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Nátánì àti Dáfídì, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí lára. Alájì ò mọ̀ pé Nátánì lòun ń ṣe. Ó kàn ń nu ọwọ́ sí àkísà ni.

A ní àwa ni.

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá jókòó ṣàlàyé fún wa bí ẹni ń kọ́ ọmọ. Ìda ló wà nínú nǹkan kékeré yẹn. Tí omi bá gbóná dé nǹkan bí 82, ìda náà á wú, á ti ilẹ̀kùn ṣí, omi á máa lọ sí rédíétọ̀. Èyí tó wà nínú irú ẹ́ńjìnnì tiwa tún ní àwo kékeré kan nídìí. Bí ilẹ̀kùn ńlá ṣe ń ṣí ni àwo yẹn ń pa ọ̀nà àbùjá dé, ìyẹn ọ̀nà tí omi ń gbà yí padà sínú ẹ́ńjìnnì láì dé rédíétọ̀. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ọ̀nà àbùjá yẹn á wà ní ṣíṣí sílẹ̀ tọ̀sán tòru, apá kan omi gbígbóná náà á kàn máa pòòyì sínú ibi tó ti wá. Tí ẹ bá ń rọra lọ, kò ní hàn, ooru ò pọ̀. Òkè ló máa tú àṣírí ẹ̀. Ó fara dà á fún ọdún mélòó kan torí họ́ọ̀sì àti ìdérí ṣì dára. Ìgbà tí àwọn náà gbó ló wá di ohun tí a rí.

Tamọ́sítáàtì méjì ló ní ká rà wá, a rò pé ó ń ṣèṣe ni. Ó gbé omi kaná nínú agolo mílíìkì, ó fi okùn so méjèèjì sínú ẹ̀. Ọ̀kan ṣí kí omi tó hó. Èkejì, omi hó títí, kò mira. Tuntun ni méjèèjì o, inú páálí ni wọ́n ti wá. Ó ju èkejì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó fọ inú rédíétọ̀, omi tó jáde pupa bí omi ilẹ̀ amọ̀, torí omi kànga là ń bù sí i láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ó da kúláǹtì sí i. Ó tún wáyà fáànù so bó ṣe yẹ kó rí, kó máa yí nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá pè é. Tamọ́sítáàtì, họ́ọ̀sì, ìdérí, kúláǹtì, owó iṣẹ́: ₦57,000.

A wà á lọ sí Ifẹ̀, a wà á bọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, a gbé Mọ́mì lọ wo Ìyá. Lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, Mọ́mì ló ń wo géèjì, àwa ò lè wò ó. Wọ́n ní, "Àárín ló wà." A dé òkè, wọ́n tún ní, "Àárín ló wà."

Ìgbà tí a dé la lọ sí ṣọ́ọ̀bù arákùnrin yẹn. A lọ láìmú ẹnikẹ́ni dání. Ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mọ́tò kan, ó jáde, ó dọ̀bálẹ̀, èyí tó tún dun wá ju kó bú wa lọ. A sọ ohun tí Alájì rí fún un. A ní a ti parọ́ mọ́ ọn lójú gbogbo ìjọ, kó má bínú. Kò dáhùn. Ó wọlé, ó gbé páálí indomie kan jáde, ó gbé e kalẹ̀ síwájú wa. Ògbólógbòó rédíétọ̀ wa wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó nawọ́ sí ìyẹn náà. Nínú páálí yẹn ni wọ́tà pọ́ọ̀mpù àtijọ́ wà, gásíkẹ́ẹ̀tì tó ti jó, bẹ́líìtì, ìdérí ojúlówó tí a ní kó pààrọ̀ nígbà kan torí ó ti dípẹtà, àti tamọ́sítáàtì tí a ní kó jù nù ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ó fi ọ̀rá wé e.

Ó ní, "Dádì, gbogbo ohun tí mo yọ lára mọ́tò yín nìyí. Mi ò ta ọ̀kankan."

Ó ti wà ní ìjọ mìíràn báyìí. Ó ní wọ́n ń tọ́jú òun dáadáa níbẹ̀. A ò rọ̀ ọ́ pé kó padà wá, kì í ṣe ohun tí a bá lọ nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, ìsìn àkọ́kọ́, ago mẹ́jọ, máíìkì kan náà. A bẹ ẹ̀yin tí ẹ pàtẹ́wọ́ nínú oṣù Kejì kí ẹ wá, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ yíjú wẹ̀yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe arákùnrin náà lórí fóònù, ẹ má lọ kó o sí wàhálà nílé. Ó ti gbà ká gbé páálí náà dání wá.